Ọdún tí A Wá Ìtumọ̀ Sélà Kiri

Ọdún tí ìjọba fi kún owó oṣù wa, tí gbogbo èèyàn sì ń ra ohun tí wọn ò mọ̀ ọ́n lò, ni mo dé Òkokomáíkò. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà, wọ́n sì ní kí n lọ máa kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní Ìbà. Ọ̀gá ilé ìwé wa ti ra fíríìjì sínú ilé tí kò ní iná mànàmáná. Ìwé àti búrẹ́dì ló ń kó sínú rẹ̀, ó ní eku ò lè wọ̀ ọ́. Èmi náà ra bàtà gogoro kan tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga bí àpótí ìjókòó, lórí ilẹ̀ tó jẹ́ pé yanrìn lásán ni láti ẹnu ọ̀nà ilé títí dé ìta. Láràárọ̀ ni mo máa ń fọwọ́ gbé bàtà náà dé Ìbà, n ó nu ẹsẹ̀, n ó wá wọ̀ ọ́ kí n tó wọ kíláàsì. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi rí i pé mo ń ya wèrè.

Yàrá kan ni mo gbà ní ilé ìyá àgbàlagbà kan, ọmọ Àwórì, opó. Ẹja ló ń yan tà tẹ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ìyá Onílé ni gbogbo wa ń pè é. Ó kéré ní ìdúró, ohùn rẹ̀ sì tóbi jù ú lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé ibẹ̀ ló kan ilẹ̀kùn mi.

"Tíṣà, ṣé o ti jí?"

"Mo ti jí, Ìyá. Ẹ káàárọ̀ mà."

"Jáde wá ka Dáfídì fún mi."

Bíbélì ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló gbé lọ́wọ́, èyí tí wọ́n fi awọ dúdú dì, tí etí rẹ̀ ti ká kò. Òun fúnra rẹ̀ kò wọ ilé ìwé rí. Ọkọ rẹ̀ ló máa ń ka Sáàmù sí i létí nígbà tó bá ń to ẹja sórí ààrò, ó sì ti há púpọ̀ nínú wọn sórí, ṣùgbọ́n ó ní ìgbàgbé ti ń jí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ mi ni láti máa kà wọ́n, kí òun máa kó wọn padà.

Mi ò rí ẹni tó ń lo Sáàmù bíi tirẹ̀ rí. Ó ní èyí tó ń kà sórí omi kànga kó tó mu ún, èyí tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ àgbọ̀nrín tí òùngbẹ ń gbẹ. Ó ní ti aboyún, ó ní ti ẹni tó ń lọ sọ́nà jíjìn. Èyí tí ẹni tó kọ ọ́ gbójú sókè wo àwọn òkè, ńṣe ló máa ń dá mi dúró níbẹ̀.

"Òkè wo la ní níbí, Tíṣà?"

"Kò sí, Ìyá. Ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ."

Ó wá nawọ́ sí ìta, níbi tí àwọn tó ń la ọ̀nà ńlá tó lọ sí Àgbádárìgì kó erùpẹ̀ pupa jọ sí gègèrè. "Ìyẹn ńkọ́? Ibẹ̀ ni mò ń wò ní tèmi. Títí Ọlọ́run á fi ṣe òmíràn."

Èyí tó ń bẹ Ọlọ́run pé kó fọ́ eyín àwọn ọ̀tá, ó ní kí n máa kà á jẹ́jẹ́. Katapílà àwọn tó ń la ọ̀nà náà ti gba orí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ wọn sì máa ń wá mu omi ní kànga wa. Kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Nínú ọ̀sẹ̀ kejì la kan Sélà. Mo ń kà á lọ geere, mo dé òpin ẹsẹ kan, mo bọ́ sí èkejì.

"O ti fo nǹkan kan," Ìyá Onílé wí.

"Kí ni mo fò, Ìyá?"

"Sélà."

"Ìyá, wọn kì í pè é síta. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nìyẹn. Téèyàn bá dé ibẹ̀, á kọjá ni."

"Ta ló kọ ọ́ síbẹ̀?"

"Ẹni tó kọ Sáàmù ni."

"Ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ kí wọ́n má baà kà á? Ṣé kò ríṣẹ́ ṣe ni?"

Mo bi í pé kí wá ni ìtumọ̀ rẹ̀.

"Ṣé èmi ni tíṣà ni?" ló dáhùn.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Alájì tó gba yàrá méjì níwájú ilé. Ọmọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni, aṣọ ló ń tà ní ọjà Ọ̀jọ́. Ó ti kí ìrun tán, ó jókòó sórí ẹní, ó gbé kẹ́tùlù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Ó ní, "Ìyá, orin Ànábì Dáúdà lẹ ń kà yẹn. Àwa náà mọ̀ ọ́n, Sàbúúrà là ń pè é. Wọ́n ní tí Ànábì bá gbóhùn sókè, àwọn ẹyẹ á máa gbè é, àwọn òkè á máa gbè é."

"Àti Sélà ńkọ́?"

Alájì ní, "Bóyá ibi tí àwọn ẹyẹ ti ń gbè é nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti dé Sélà, mo ní láti pè é ketekete, Ìyá Onílé á pè é tẹ̀ lé mi, Alájì á sì súfèé bí ẹyẹ láti iwájú ilé. Báyìí ni mo ṣe ń lọ sí ilé ìwé láràárọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu àti bàtà lọ́wọ́.

Ọ̀jọ́ ni ìjọ wa wà. Wọ́n ń kọ́ ilé ìsìn tuntun nígbà náà, nítorí pé owó wọlé fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ojú sì ń ti gbogbo wa láti máa jókòó sábẹ́ páànù tó ń jò. Mo dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ akọrin. Olórí akọrin wa jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń bá àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ọ̀nà tuntun náà ṣiṣẹ́. Oòrùn ti sun ọrùn rẹ̀ dúdú ju ojú rẹ̀ lọ. Ó ga, ó rẹwà, kò sì mọ̀ pé òun rẹwà, èyí tó tún mú un rẹwà sí i. Mo ń sọ òtítọ́ ni. Ohun kan ló ń gbéra ga lé lórí, pé ọ̀pọ̀ Sáàmù ni wọ́n kọ ọ́ sókè wọn pé sí olórí akọrin.

"Èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí," á ní, á na ìwé náà sí wa lójú. "Dáfídì gbé lẹ́tà dé Ọ̀jọ́, ẹ wá ń kọ ọ́ bí ẹni tí oorun ń kùn!"

Sáàmù kẹrìndínláàádọ́rin ló mú fún ọjọ́ ìyàsímímọ́ ilé náà, ó sì ti fúnra rẹ̀ ṣe ohùn sí i. Orin ìdùnnú ni, ó ń ké sí gbogbo ayé pé kí wọ́n hó, ó ń rántí iná àti omi tí àwọn baba wọn là kọjá. Ìdánrawò àkọ́kọ́ ni mo ti nawọ́ sókè.

"Bọ̀ọ̀dá, Sélà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Kí la máa fi wọ́n ṣe?"

"A ó fò wọ́n, Sístà."

"Ìyá Onílé mi ò ní gbà o."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi òun. Ó wo ìwé, ó wò mí, ó tún wo ìwé. Lọ́jọ́ kejì ló lọ bá kátíkíìsì wa pé ó ku ọ̀rọ̀ kan tí òun gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹgbẹ́ akọrin tó lè tẹ̀síwájú. Kátíkíìsì kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó mọ àlùfáà àgbà kan tó ti kọ́ èdè Hébérù, ó sì kọ lẹ́tà sí i.

Èsì náà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú ìwé méjì gbáko. Kátíkíìsì kà á fún wa nínú ilé ìsìn tí kò tíì ní fèrèsé. Àlùfáà náà ní kò sí ẹni tó mọ ìtumọ̀ Sélà dájú. Àwọn kan ní ó ń sọ fún àwọn akọrin pé kí wọ́n dákẹ́ kí ohun èlò máa dún. Àwọn mìíràn ní ó ń sọ pé kí wọ́n gbé ohùn sókè. Àwọn tó kù ní kí àwọn èèyàn dúró, kí wọ́n ro ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Ó ní orin ni gbogbo wọn ní tòótọ́, wọn kì í ṣe ìwé tí à ń fi ojú lásán kà. Nínú tẹ́ńpìlì ni wọ́n ti ń kọ wọ́n pẹ̀lú hàrpù àti aro, àwọn arìnrìn-àjò sì ń kọ òmíràn bí wọ́n ṣe ń gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ó ní Halelúyà tí à ń pariwo, àṣẹ ni: ẹ yin Olúwa. Ó tún ní orúkọ tí àwọn Hébérù fún ìwé náà ni Ìyìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹkún àti ẹ̀bẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn fún Ìyá Onílé, ó mi orí títí. "Ẹkún ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní Ìyìn. Ó yé mi. Ọjọ́ tí a sin ọkọ mi, orin la kọ dé ibojì. Kí ni kí n pe ìyẹn?" Lẹ́yìn náà ló na ìka sí mi. "Ṣùgbọ́n ẹ máa pe Sélà o. Ẹ má bá mi ṣeré."

Ìjọ wá pín sí méjì. Àwọn kan ní ìdákẹ́jẹ́ ni, àwọn kan ní ariwo ni. Mo rí ìyá méjì tí wọ́n ń jiyàn lé e lórí níbi tí wọ́n ti ń ra ata. Kátíkíìsì ní kí olórí akọrin pàṣẹ, torí òun ni wọ́n kọ ìwé sí. Ó wá pàṣẹ pé ní Sélà àkọ́kọ́, ẹ̀yin sámbà àti agogo, ẹ lù ú. Ní ìkejì, kí gbogbo wa gbé ohùn sókè. Ní ìkẹta, kí ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

Nígbà náà ni Alájì ra rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì. Ó tóbi bí àpótí aṣọ, ó ń dán gbinrin, ó sì lè gba ohùn èèyàn sílẹ̀. Ọ̀sán Sátidé kan ló ní kí ẹgbẹ́ akọrin wá kọrin sí i ní àgbàlá wa, ká lè gbọ́ bí orin wa ṣe rí létí ẹlòmíràn. A kóra jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Alájì tẹ bọ́tìnnì pupa, ó gbọ́wọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ yìnbọn. A kọrin. Ní Sélà kejì, ìjà bẹ́ sílẹ̀, torí ohùn àwọn ọkùnrin kò gòkè tó, àwọn obìnrin sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Olórí akọrin ní ká sinmi, ká lọ mumi. A tú ká. Kò sẹ́ni tó rántí bọ́tìnnì pupa náà.

Nígbà tí a padà, Alájì yí kásẹ́ẹ̀tì náà padà sẹ́yìn, ó ní ká fetí sílẹ̀. Orin wa jáde, ó dùn débi tí a fi ń lu ara wa lẹ́yìn. Ìjà jáde, a rẹ́rìn-ín. A gbọ́ tí ẹsẹ̀ ń lọ sí ìdí kànga. Lẹ́yìn náà, ohùn ọkùnrin kan jáde wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ohùn olórí akọrin.

"Alájì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín léèrè nǹkan kan. Tíṣà yẹn. Ṣé ẹnì kankan ń wá kí i nílé níbí?"

"Bíi ta ni?" Ohùn Alájì nìyẹn.

"Bí ọkùnrin."

"Mi ò rí ọkùnrin kankan o. Dáfídì nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀ láràárọ̀."

"Alájì, ẹ má fi mí ṣeré. Tó bá ti gbóhùn sókè báyìí, mi ò mọ ibi tí ọwọ́ mi ń lọ mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi òpó ìwọ̀nlẹ̀ gún ẹsẹ̀ ara mi."

Alájì na ọwọ́ sí ẹ̀rọ náà, ó tẹ bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n èyí tó ń mú ohùn ga ló tẹ̀. Ohùn olórí akọrin bo gbogbo àgbàlá: "Ẹ bá mi wò ó bóyá ó lè gbà!"

Olórí akọrin dúró, ó ya ẹnu, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè bí ẹni pé ó ṣì ń darí orin. Èmi náà ò lè gbé ẹsẹ̀, bàtà gogoro mi ti rì sínú yanrìn. Láti orí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni Ìyá Onílé ti kígbe ní gbogbo ohùn rẹ̀:

"Sélà!"

Ẹ̀rín tó sọ lọ́jọ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà pa katapílà wọn kí wọ́n lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Obìnrin kan jókòó sílẹ̀ pátápátá. Alájì ń bẹ̀bẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi fìlà bojú. Mo bọ́ bàtà sílẹ̀, mo sá wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n rò pé ẹkún ni mò ń sun. Mo ń rẹ́rìn-ín débi tí mo fi bu tìmùtìmù jẹ.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó kù kó tó di ọjọ́ ìyàsímímọ́, èmi àti olórí akọrin ò lè wo ara wa lójú. Ó ń darí orin, ó ń wo páànù òkè. Mo ń kọrin, mo ń wo bàtà mi. Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ń wo àwa méjèèjì.

Ọjọ́ náà pé. Bíṣọ́ọ̀bù wá láti Èkó, ọkọ̀ rẹ̀ rì sínú erùpẹ̀ pupa lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé, àwọn ọ̀dọ́ sì gbé e jáde pẹ̀lú orin. Ilé ìsìn kún dé ẹnu ọ̀nà. Alájì wọ agbádá funfun, ó jókòó sítòsí fèrèsé, ó ní òun wá gbọ́ orin Ànábì. Ìyá Onílé wà níwájú pátápátá. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ti mú òbúkọ ńlá kan wá fún àsè, wọ́n so ó mọ́ ara ilé lẹ́yìn.

A bẹ̀rẹ̀. Sélà àkọ́kọ́ dé, sámbà àti agogo dún, àwọn ìyá fò dìde. Ìkejì dé, ohùn àwọn ọkùnrin gòkè débi tí mi ò mọ ibi tí wọ́n ti rí i. A wá dé ibi tí ẹni tó ń kọrin ti ń ka ohun tó fẹ́ fi rúbọ, àgbò, màlúù, ó sì parí rẹ̀ sórí òbúkọ. Sélà kẹta nìyẹn. Olórí akọrin ká ìka rẹ̀, gbogbo wa dákẹ́. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́, èèyàn lè gbọ́ bí Bíṣọ́ọ̀bù ṣe ń mí.

Òbúkọ lẹ́yìn ilé ní, "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

A gbìyànjú, mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí. A há eyín mọ́ra. Òbúkọ náà tún ké, bí ẹni tó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, tó sì fẹ́ fèsì. Èjìká Bíṣọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ gbọ̀n. Nígbà tí a rí i pé òun ló ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé bú. Olórí akọrin fi ọwọ́ méjèèjì bojú, nígbà tó sì ṣí i, èmi ló wò. Mo wò ó padà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ kásẹ́ẹ̀tì, a ò sì tún lè gbé ojú kúrò lára ara wa mọ́. Bí a ṣe kọ èyí tó kù nínú orin náà, mi ò lè sọ fún yín. Wọ́n ní ó dùn. Bíṣọ́ọ̀bù ní kí wọ́n tú òbúkọ náà sílẹ̀, ó ní òun ò lè jẹ ẹni tó bá òun jọ́sìn. Wọ́n lọ ra adìyẹ.

Lẹ́yìn àsè, olórí akọrin ní òun á sìn mí délé. Oòrùn ti rọ̀. Ojú ọ̀nà tuntun náà fẹ̀, wọn ò tíì da ọ̀dà sí i, kò sì sí ọkọ̀ kankan lórí rẹ̀. Ó ń fi àwọn òpó tí òun fúnra rẹ̀ rì mọ́lẹ̀ hàn mí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Èwo lẹ fi gún ẹsẹ̀ yín?" mo bi í.

Ó dúró. "Sístà, ohun tí ẹ gbọ́ nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn."

"Mo gbọ́ ọ."

"Gbogbo Òkokomáíkò ló gbọ́ ọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni mi ò tíì gbọ́ èsì rẹ̀. Ṣé kí n wá rí bàbá yín?"

Mo fẹ́ dáhùn bí ọmọlúàbí. Mo fẹ́ ní kó jẹ́ kí n rò ó wò. Ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Ẹ tètè lọ," mo tún ní, "Lọ́la," mo wá rántí pé Ìjẹ̀bú ni bàbá mi wà, mo ní, "Lọ́tùúnla." Òun náà bú sẹ́rìn-ín. A bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, a ń sọ̀rọ̀, ìkan ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìkejì. A sọ ti ilé ìwé mi, a sọ ti ìyá rẹ̀, a sọ iye ọmọ tí a máa bí, a jà lórí rẹ̀, a parí ìjà. Nígbà tí mo gbójú sókè, mi ò mọ ibi tí a wà mọ́. A ti kọjá Òkokomáíkò tipẹ́. A ti kọjá Igbó-Elérin. Ìyá kan tó ń hú ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ ló sọ fún wa pé Ìjànikin nìyẹn.

Ọkọ̀ típà tó kó yanrìn ló gbé wa padà, àwa méjèèjì wà níwájú pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà tí kò yé wò wá, bóyá ó rò pé a ti mu ẹmu. Ìyá Onílé ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń retí wa.

"Ọ̀jọ́ lẹ ti ń bọ̀. Ibo lẹ gbà?"

"Ìjànikin, Ìyá," mo dáhùn.

"Kí lẹ lọ ṣe ní Ìjànikin?"

Mo wo olórí akọrin, òun náà wò mí. Ìyá na ọwọ́, ó fọwọ́ kan yanrìn tó lẹ̀ mọ́ aṣọ olórí akọrin, ó gbọn ọ́n sílẹ̀. Ó ní ká lọ fọwọ́, ká wá jẹun, ẹja náà ti ń tutù.